Ẹ Bá Ọmọ Náà Rìn Dé Yunifásítì

Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn tí mo ń kọ́ ní Sátidé-Sátidé ní Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀fọ́, bàbá rẹ̀ ti dolóògbé. Ó gba 247 nínú JAMB, èsì WAEC rẹ̀ sì jáde pẹ̀lú kírẹ́díìtì méje. A dúpẹ́, a jókòó, a ń retí orúkọ rẹ̀. Orúkọ ò jáde. Ìgbà tí mo tẹ̀ lé e dé káfè, tí a ṣí ojú-ìwé rẹ̀ ní JAMB, ni a rí i pé níbi tó yẹ kí èsì WAEC wà, "awaiting result" ló wà níbẹ̀. Kò tíì ṣe WAEC nígbà tó ń gba fóòmù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Lẹ́yìn tí èsì jáde, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ padà lọ fi í sórí ẹ̀rọ. Èmi olùkọ́ rẹ̀ náà ò sọ fún un. Ọdún kan gbáko lọ báyẹn.

Ọmọ olówó kì í ṣe irú àṣìṣe yìí, kì í ṣe torí pé orí rẹ̀ pé ju ti ọmọ ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gba ọ̀nà náà kọjá, bàbá rẹ̀ mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọmọ mẹ̀kúnnù ò ní ni ẹni tó ti rìn ín rí. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ olùkọ́ ni yín, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ìjọ, àdúgbò, tàbí àǹtí tó wà nílé, ẹ̀kọ́ nìkan kò tó. Ẹ óò bá a rìn. Bí mo ṣe ń bá wọn rìn báyìí nìyí, láti SS1 títí dé ọjọ́ tí wọ́n bá wọ ọgbà.

SS1: ìyá rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá

Ẹ má dúró di SS3. SS1 ni ọmọ ti ń yan sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọ́mẹ́ṣà, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti ń yà. Àmọ́ kí ẹ tó bá ọmọ sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ lọ sí ìdí ọjà ìyá rẹ̀. Ẹ má ránṣẹ́ pè é wá sí ilé ẹ̀kọ́; ọjà ọjọ́ yẹn á bàjẹ́, ẹ̀rù á sì máa bà á pé ọmọ òun ti dá ọ̀ràn. Ẹ lọ ní ọ̀sán tí èrò bá ti dín kù. Ẹ kí i, ẹ jókòó sórí àpótí tó bá gbé fún yín, ẹ ra nǹkan. Kí ẹ wá sọ pé: "Màmá, ọmọ yín mọ̀wé. Ẹ jẹ́ ká jọ wo bí a ó ṣe ṣe é."

Ohun tí ẹ ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe owó. Àkókò ni. Ọmọ tó ń kiri títí di agogo mẹ́jọ alẹ́, tó tún ní abọ́ láti fọ̀, yóò sùn lé ìwé lórí ni. Ẹ bẹ màmá fún wákàtí kan ààbọ̀, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀: láti agogo mẹ́rin sí márùn-ún ààbọ̀, ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀. Bí ẹ bá kàn sọ pé "ẹ jẹ́ kó máa kàwé," á ní òun ti gbọ́, nǹkan á sì máa lọ bó ṣe ń lọ. Bí ẹ bá dárúkọ wákàtí, ó mọ ohun tó ń yọ̀ǹda, ó sì lè wá ẹni tí yóò dúró tì í nídìí igbá.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi ọmọ léèrè ohun tó fẹ́ kọ́, kí ẹ wá máa ti ibẹ̀ bọ̀ sẹ́yìn. JAMB ní ojú-òpó kan tó ń jẹ́ IBASS, tí ẹ ti lè wo kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ilé ẹ̀kọ́ tó ní in, iṣẹ́ (ìyẹn subject) tí wọ́n ń béèrè ní WAEC àti ní JAMB, pẹ̀lú síleébọ́ọ̀sì. Ìṣègùn àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń fẹ́ Biology, Chemistry àti Physics pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ìmọ̀ òfin ń fẹ́ Literature. Iṣẹ́ akáǹtì ń fẹ́ Máàtì àti Economics. Ẹ wá wo ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà: ṣé olùkọ́ iṣẹ́ wọ̀nyí wà níbẹ̀? Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan wà tí mo mọ̀ tí kò ní olùkọ́ Literature fún odidi ọdún méjì. Àwọn ọmọ tó fẹ́ di lọ́yà níbẹ̀ ń ka Government, wọ́n ń ka CRS, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn ti ń pa dé. Bí ẹ bá tètè mọ̀, ẹ lè wá àgùnbánirọ̀ kan tàbí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí yóò máa wá kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bó bá di SS3 kí ẹ tó mọ̀, ẹkún ló kù.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sá fún iṣẹ́ Yorùbá. Kírẹ́díìtì rẹ̀ ní WAEC jẹ́ kírẹ́díìtì gidi, iṣẹ́ Yorùbá sì wà ní JAMB fún kọ́ọ̀sì áàtì tó bá gbà á.

Orúkọ kan ṣoṣo lórí gbogbo ìwé

Láti ọdún 2021, láìsí NIN, kò sí fóòmù JAMB. Inú NIN ni wọ́n ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí ọmọ. WAEC ní tirẹ̀, ohun tí ilé ẹ̀kọ́ bá fi ránṣẹ́ ló ń lò. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà nílẹ̀ wa, torí pé orúkọ wa gùn, kálukú sì ń kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Ọmọ kan ń jẹ́ Oluwaseun nínú ìwé ìbí, ó ń jẹ́ Seun ní ilé ẹ̀kọ́. Òmíràn ń jẹ́ Rukayat ní rẹ́jísítà kíláàsì, ó ń jẹ́ Ruqoyyah nínú NIN, torí pé ẹ̀gbọ́n tó mú un lọ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní ilé kéú. Omowumi àti Omowunmi: lẹ́tà kan ṣoṣo, ọmọ á sì máa lọ kó máa bọ̀ nílé ẹjọ́ láti búra pé ẹnì kan náà ni òun.

Ẹ ya Sátidé kan sọ́tọ̀ ní SS1. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kó gbogbo ìwé tó bá ní orúkọ rẹ̀ wá, títí kan káàdì àbẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ kọ bí orúkọ ṣe wà nínú ìkọ̀ọ̀kan sára pátákó, kí òbí àti ọmọ jọ mú ìkan, kó sì jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kọ ọ́ títí ayé. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ NIN àkọ́kọ́. Àtúnṣe ló ń gba owó, àtúnṣe ọjọ́ ìbí sì wọ́n ju ti orúkọ lọ fíìfíì, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa kí ọmọ tó dìde lórí àga. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń kọ orúkọ ránṣẹ́ sí WAEC, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá pé kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì kan: ìwé ìbí, NIN, ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú láti ìjọba ìbílẹ̀, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, èsì ìdánwò. Ẹ wé e sínú ọ̀rá, torí pé òrùlé ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ń jò. Ẹ̀dà kan lọ́wọ́ yín, fọ́tò rẹ̀ nínú ímeèlì ọmọ.

Ẹ̀kọ́

Gẹ̀ẹ́sì àti Máàtì ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni yunifásítì ń fẹ́, méjì yìí sì máa ń wà nínú rẹ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì gbà kí ọmọ ṣa márùn-ún yìí jọ nínú ìjókòó méjì, bíi WAEC àti NECO, àmọ́ ìṣègùn sábà máa ń fẹ́ ìjókòó kan.

Ẹ fi Yorùbá là á yé wọn kí ẹ tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èyí hàn ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Mo máa ń rí i ní kíláàsì mi. Ọmọkùnrin kan wà tí "simple interest" kò wọ orí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo wá bi í pé, "Ṣé o mọ sọgúndogójì?" Ojú rẹ̀ là. Àwọn tó ń ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ń yá a. Mo ní, "Ẹni tó yá 20,000 lóṣù yìí, tó dá 40,000 padà lóṣù tó ń bọ̀, èlé mélòó ló san nínú ọgọ́rùn-ún?" Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ọgọ́rùn-ún, sà." A kọ 20,000 sí abẹ́ P, oṣù sí abẹ́ T, ìbéèrè WAEC tó ń sá fún tẹ́lẹ̀ wá di ọ̀rọ̀ tó mọ̀ láti inú ọjà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì tún un sọ, kí òun náà fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ padà, torí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò yóò fi bi í.

Ẹ lo ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá bó ṣe yẹ. Kíka ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé kì í ṣe ẹ̀kọ́. Kí wọ́n ṣe odidi ìdánwò kan pẹ̀lú aago, ẹ máàkì í, kí ẹ wo ibi tí ó ti ń ṣubú, kí ẹ padà lọ kọ́ ọ níbẹ̀. Ẹ wá nǹkan fún wọn jẹ pẹ̀lú. Gàrì àti ẹ̀pà tó. Ọmọ tí ebi ń pa kò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ.

Ẹnì kan yóò wá bá yín tàbí bá òbí wọn pé òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe "mírákù," tí wọ́n á ti kọ ìdáhùn fún ọmọ. Ẹ sọ fún òbí lójú ẹsẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé owó náà á ṣègbé. WAEC ń dá irú èsì bẹ́ẹ̀ dúró, ó sì ń fagi lé e, ọmọ tó mọ ìwé rẹ̀ á sì jìyà pọ̀ mọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ gba fóòmù JAMB

Ọjọ́ yìí ló yẹ kí ẹ tẹ̀ lé wọn jù lọ. Káfè kún, ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ń kánjú, ọmọ sì ń tijú láti béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù. Ọmọ yóò fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019: kó kọ NIN, kó fi àyè sílẹ̀, kó kọ nọ́ńbà mọ́kànlá náà. Nọ́ńbà mẹ́wàá tí yóò gbà padà ni profile code rẹ̀, èyí tí yóò fi gba fóòmù. Síìmù tó bá fi ṣe èyí ti di ti JAMB rẹ̀ nìyẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè lò ó. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ jẹ́ síìmù ẹni káfè, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti bọ̀ọ̀dá tó fẹ́ lọ sí Èkó lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ ra síìmù fún ọmọ tí kò bá ní, kí wọ́n fi NIN òun fúnra rẹ̀ so ó. Ímeèlì náà bẹ́ẹ̀: ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀, kó ṣe é fúnra rẹ̀, kó kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sínú fáìlì. Mo ti rí ọmọ tí káfè ṣí ímeèlì fún, tí káfè kó lọ sí àdúgbò mìíràn, tí ọ̀nà ímeèlì sì dí mọ́ ọn.

Kí ọmọ ti kọ ohun tó fẹ́ yàn sórí ìwé kó tó kúrò nílé: yunifásítì, kọ́ọ̀sì, iṣẹ́ mẹ́rin, ìlú tí yóò ti ṣe ìdánwò. Ẹ má jẹ́ kí ẹni káfè bá a yàn. UI kì í gba ẹni tí kò bá fi òun ṣe àkọ́kọ́, máàkì 200 ni òun, UNILAG àti OAU sì máa ń béèrè kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ ṣe àyẹ̀wò tiwọn (Post-UTME). Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ààyè ni wọ́n ń fi máàkì nìkan pín, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì ká, 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba ní ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀. Nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí Yorùbá wà, Kwara àti Kogi nìkan ló wà nínú ti ìkẹyìn yìí. Máàkì àti àdúgbò ni ọmọ wa ní àwọn ìpínlẹ̀ tó kù gbọ́kàn lé, nítorí náà ọmọ Ọ̀yọ́ tó lọ yan yunifásítì ní òpin orílẹ̀-èdè torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ yàn án ti sọ ọ̀kan nù nínú méjì yẹn.

Bí wọ́n bá ń gba ìka rẹ̀, ẹ rí i pé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló wọlé dáadáa. Ọwọ́ ọmọ tó ń bó ẹ̀gẹ́ tàbí tó ń po sìmẹ́ńtì máa ń le, ẹ̀rọ kì í sì í tètè dá a mọ̀.

Lẹ́tà mẹ́jọ

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ń kọ́, ọjọ́ ìdánwò ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ń jẹ máàkì ju àìmọ̀wé lọ. Àmọ́ ẹni tó mọ lẹ́tà mẹ́jọ lè ṣe JAMB tán láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti parí ìdánwò kó sì fi í ránṣẹ́, R láti padà bó bá tẹ S láìròtẹ́lẹ̀. Mo gé páálí kan, mo ya kíbọọ̀dù sí i ní ìwọ̀n gidi, mo fi búlúù kun lẹ́tà mẹ́jọ náà. Ọmọ kan á ka ìbéèrè, èkejì á fi ìka tẹ páálí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọwọ́ wọn ti ń lọ síbẹ̀ láìwò. Ìgbà náà ni mo kó wọn lọ sí ibi tí kọ̀ǹpútà gidi wà fún ọ̀sán kan, ẹ̀rù ò sì bà wọ́n.

Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì: ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ní 60, àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40-40, bẹ́ẹ̀ sì ni 100 ni máàkì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé ìbéèrè Chemistry kan níye lórí ju ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì kan lọ. Kọ́ wọn láti fò kọjá ohun tó bá le, kí wọ́n padà sí i. Bí ibi ìdánwò bá jìnnà, tó sì jẹ́ ti òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ wá ilé tí ọmọ lè sùn sí nítòsí ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò.

Lẹ́yìn ìdánwò

Ibí ni mo ti kùnà lọ́jọ́ sí, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á. Èsì WAEC tàbí NECO gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ JAMB. Lọ́sẹ̀ tí èsì bá jáde, kí ọmọ mú un lọ sí ibi CBT (ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tí JAMB fọwọ́ sí, kí wọ́n fi í síbẹ̀, kó sì padà wò ó lórí CAPS, ìyẹn ẹ̀rọ tí JAMB fi ń pín ààyè láti ọdún 2017. Ẹ rí i pẹ̀lú ojú yín.

Lẹ́yìn èyí ni fóòmù àyẹ̀wò yunifásítì, èyí tí ìjọba ní kí owó rẹ̀ má kọjá 2,000 náírà. Kí ọmọ máa wo CAPS lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní ààyè, ó gbọ́dọ̀ tẹ ibi tó ti máa sọ pé òun gbà á. Wọ́n sì lè fi kọ́ọ̀sì mìíràn lọ̀ ọ́. Ẹ bá a jókòó sọ ọ́ kó tó tẹ nǹkan kan. Agriculture lè dára ju ọdún kan sí i nílé lọ fún ọmọ kan, kó má dára fún òmíràn.

Owó

Àwọn ìpínlẹ̀ kan, bí Èkó àti Ọ̀yọ́, ti ń san owó WAEC fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, nítorí náà ẹ béèrè kí òbí tó lọ yá owó. Èyí tó ń dá ọmọ padà lẹ́nu ọ̀nà ni owó àkọ́kọ́ tí yunifásítì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ààyè. Ó máa ń dé lójijì, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un kì í sì í pọ̀. A ní kóló fún un. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń dá 200 náírà lọ́sẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ 39 lọ́dún. Ó di 7,800. Láti SS1 dé SS3, 23,400. Orúkọ ọmọ ni a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, màmá rẹ̀ sì ń fọwọ́ sí i lóṣooṣù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tàbí ìjọ tó bá fẹ́ ṣe ìrànwọ́, ẹ fi kún kóló yìí dípò kí ẹ máa pín ìwé àjákọ tí wọ́n kọ orúkọ yín sí.

Bó bá ti wọlé, kó lọ sí NELFUND, ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024 fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba. Wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún yunifásítì, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní 20,000 náírà lóṣù fún oúnjẹ àti ọkọ̀. Kò ní èlé. Ẹ sọ èyí ketekete fún àwọn màmá wa Mùsùlùmí, torí pé mo ti rí èyí tó kọ̀ ọ́ nítorí ó rò pé ribà ni. Ọdún méjì lẹ́yìn tó bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni sísan rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bó bá ti ríṣẹ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù. Kó ti ní àkáǹtì báǹkì àti BVN lórúkọ rẹ̀ ṣáájú, orúkọ kan náà tí a mú lórí pátákó lọ́jọ́sí.

Bí kò bá bọ́ sí i lọ́dún yẹn

Ẹ tètè lọ sílé wọn, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún ọmọ pé ìwé ò sí lórí rẹ̀. Ọ̀nà ṣì wà. Ní ọdún 2025, 150 ni máàkì tó kéré jù fún yunifásítì, 100 fún pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Ẹni tó bá ṣe NCE ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí ND ní pólì, tó sì dáa, lè fi ìwé ẹ̀rí yẹn gba Direct Entry wọ yunifásítì. NOUN, yunifásítì ìjọba tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé, kì í béèrè máàkì JAMB, ó sì bá ọmọ tó ní láti máa ṣiṣẹ́ mu. Bó bá sì jẹ́ pé Máàtì nìkan ló kù, kó forúkọ sílẹ̀ fún GCE, ìyẹn WAEC tí ẹni tó ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ lè ṣe, kó máa bá wa wá ní Sátidé. Ọmọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí náà ń bá wa wá ní Sátidé. Ó tún JAMB ṣe lọ́dún kejì, ó gba 251, èmi àti òun la jọ lọ wo èsì rẹ̀ lórí ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń lọ forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì, ẹ bá a lọ, tàbí kí ẹ fi akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti wà níbẹ̀ dè é. Ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan mẹ́wàá, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjìlá, gàrì, epo, pẹ̀lú aṣọ ìbora. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni owó tí wọ́n kó fún un láti ilé sábà máa ń tán, ìgbà náà ni ìtìjú kì í jẹ́ kó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ pè é ní ọ̀sẹ̀ kejì.